Pásípọ́ọ̀tù méjì nínú rọ́bà kan

Pásípọ́ọ̀tù méjì ni mo máa ń gbé rìnrìn àjò. Rọ́bà tí mo fi ń di owó ní ṣọ́ọ̀bù ni mo fi so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ṣì tuntun, olójú ewé 64 ni, ọdún mẹ́wàá ni yóò lò. Èkejì, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ láti 2024. Ṣùgbọ́n inú ògbólógbòó yẹn ni físà Amẹ́ríkà mi lẹ̀ mọ́, ó sì di 2028 kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Tí mo bá ti dé kàńtà, ọmọ tó jókòó síbẹ̀ á ṣí tuntun láti ewé kìn-ín-ní dé ewé ìkẹyìn, á gbójú sókè, á ní, "Màmá, físà yín dà?" Màá ní kó tú rọ́bà.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ tó wà ní kàńtà kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ní pásípọ́ọ̀tù tó ti kú ti gbé físà inú rẹ̀ kú. Mo ṣàlàyé títí, mo ní bí físà kò bá ya, tí kò sì tíì pé ọjọ́, kí èèyàn ṣáà mú ìwé méjèèjì dání ni Amẹ́ríkà wí. Ó ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí àpótí mi ni mo jókòó lé fún wákàtí kan gbáko kí ọ̀gá rẹ̀ tó dé. Ọ̀gá wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí màmá máa lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ òfurufú yóò bá gbéra ní aago mẹ́wàá alẹ́, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti bá mi ní Ìkẹjà. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọn ò tíì jókòó lórí àpótí rí ni.

Léèsì ni mo ń tà ní Balógun, ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Kí n tó dá dúró, mo bá ìyá kan ṣiṣẹ́, ará Ìjẹ̀bú, tó máa ń sọ pé òun ti mọ ọ̀nà Áústríà kí wọ́n tó sọ mí lórúkọ. Kì í ṣe àsọdùn púpọ̀. Láti àwọn ọdún 1960 wá ni àwọn obìnrin wa ti ń lọ ra léèsì ní Lustenau, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Vorarlberg, níbi tí ẹ̀rọ tó ń kó iṣẹ́ sára aṣọ wà láti ilé dé ilé. Léèsì tí ẹ rí lọ́rùn ìyá ìyàwó lọ́jọ́sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹni tó bá ń lọ sí Lustenau, Zurich ní Swítsálandì ló máa ń balẹ̀ sí, nítorí òun ló sún mọ́ ọn. Vienna tó jẹ́ olú ìlú Áústríà wà ní ìpẹ̀kun kejì orílẹ̀-èdè náà. Odò Rhine ló la àárín Lustenau àti Swítsálandì. Ẹ ó kan kọjá lórí afárá ni, ẹ ti bọ́ sí ilẹ̀ mìíràn. Nígbà náà, Swítsálandì kò tíì sí nínú ẹgbẹ́ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà kan ń wọ gbogbo wọn, Áústríà sì ti wà níbẹ̀. Nítorí náà físà méjì ni oníléèsì máa ń gbà: ọ̀kan fún ibi tó ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan fún ibi tó ti fẹ́ rajà.

Ní 2004, èmi àti ọ̀gá mi lọ. A sọ̀ ní Zurich, a kọjá afárá, a rajà fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, tí a fẹ́ padà lọ bá ọkọ̀ òfurufú wa, ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ibodè gba ìwé wa. Kò wo ojú wa, kò wo àwòrán wa. Ó fi ìka kan ibì kan lára físà Swítsálandì, níbi tí wọ́n kọ iye ìgbà tí èèyàn lè wọlé sí. Òǹkà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: 1. Ó ní a ti lò ó lọ́jọ́ tí a sọ̀ ní Zurich. Ọ̀gá mi tó ti ń rìn láti ayébáyé wo òǹkà náà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ lóru. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àwọn èèyàn yìí fún wa ní ìwé ìwọlé, wọn ò fún wa ní ti ìlọsílé." Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ ní Dornbirn, ìlú tó wà nítòsí Lustenau, a la Áústríà já láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, a dé Vienna, a ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Èrè orí páálí méjì ló bá a lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti máa wo iye ìgbà kí n tó wo ọjọ́. Èèyàn á gba físà, á sáré wo ọdún tó máa parí, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún kọ́ ni kókó. Ẹlẹ́ẹ̀kan ni àbí mọ́típù, èyí tí èèyàn lè fi wọlé léraléra? Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 2008, Swítsálandì wọ Schengen, wọ́n yọ àyẹ̀wò ìwé kúrò lẹ́nu ibodè ilẹ̀ wọn. Nígbà tó di òpin oṣù kẹta 2009, ó kan àwọn pápákọ̀ òfurufú náà. Físà kan ló wá ń gbé wa kọjá gbogbo rẹ̀. Mo rántí ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọjá afárá náà tí ẹnikẹ́ni ò dá mi dúró. Mo ń wẹ̀yìn ni, bí ẹni tó jí nǹkan. Mo sọ èyí torí pé àwa èèyàn gbà pé bí wọ́n bá ti yí òfin físà padà, kó le koko sí i ni wọ́n torí ẹ̀ yí i. Ó máa ń dẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n dídẹ̀ ni kì í jẹ́ kí èèyàn fura.

Òun náà ló mú mi ní 2016. Físà Schengen ọlọ́dún kan ni wọ́n fún mi, mọ́típù, ara mi yá gágá. Mo lọ fún ọjà, mo lọ kí àbúrò ọkọ mi ní Jámánì, mo tún padà lọ fún ọjà ọdún. Lójú tèmi, níwọ̀n ìgbà tí ọdún kò bá tíì pé, ilé mi ni. Ní pápákọ̀ òfurufú kan, ọkùnrin tó wà nínú àpótí onígíláàsì yọ bírò, ó ń wo òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ òǹkà sórí ìwé pélébé kan, ó ń ro ó pọ̀. Ó yí ìwé náà sí mi: 87. Nínú ọjọ́ 180 èyíkéyìí, ọjọ́ 90 péré ni èèyàn lè lò, ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde sì wà nínú rẹ̀. Tòní wà nínú 87 yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù fún mi, ọjà mi kò sì ní jáde lórí ẹ̀rọ kó tó di ọjọ́ kẹfà.

Mo yáa padà sílé, mo ní kí wọ́n fi kágò kó o ránṣẹ́. Àwọ̀ ewé ni mo sanwó fún, àwọ̀ omi òkun ló dé. Aṣọ ẹbí òkú ni, ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ olókùú ò gbà á. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ta á ní yáàdì márùn-ún márùn-ún.

Láti ìgbà náà mo ní ìwé ìkọ̀wé kan tí mo ń kọ ọjọ́ sí: ìwọlé lápá òsì, ìjáde lápá ọ̀tún. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n jẹ́ kí fóònù máa bá mi ṣe é. Mo ní rárá, fóònù lè kú. Báyìí, àwọn ará Yúróòpù pàápàá ti gbé bírò sílẹ̀. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gba ìka àti ojú àwọn àlejò dípò òǹtẹ̀, ẹ̀rọ yẹn náà ló sì ń ka ọjọ́. Ẹni tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ti ń parẹ́, tó ń rọ́nà yọ nígbà kan, kó yáa ra ìwé ìkọ̀wé.

Ti Dubai, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí àárẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lára mi. Ní oṣù kẹwàá 2022 ni wọ́n dá físà àwọn ọmọ Nàìjíríà dúró, ọkọ̀ òfurufú wọn náà ti ń ṣàìwá sọ́dọ̀ wa nítorí owó wọn tó há sílé ìfowópamọ́ níbí. Mo ní ẹrù ní Deira, àdúgbò ọjà ní Dubai, tí mo ti san ìdajì owó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ lọ san ìyókù. Kí ìjọba méjèèjì tó bára wọn sọ ọ́, tí ọkọ̀ Emirates sì padà sí Èkó ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 2024, ọdún méjì ti lọ, gbogbo ará ọjà wa ti mọ ọ̀nà Istanbul. Àwọn kan ò padà sí Dubai mọ́ títí dòní. Bẹ́ẹ̀ ni òfin físà ṣe máa ń gbé ọjà láti ìlú kan dé òmíràn, láìjẹ́ pé aṣọ yàtọ̀ tàbí owó gun.

Amẹ́ríkà ló wá dùn mí jù, torí pé ọ̀rọ̀ ọmọ ni, kì í ṣe ti ọjà.

Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Houston. Físà ọlọ́dún méjì ni wọ́n ń fún àwa àlejò láti Nàìjíríà nígbà náà. Tó bá parí, ẹni tí wọ́n ti fún rí lè kó ìwé rẹ̀ lọ jù sílẹ̀ láìrí ẹnikẹ́ni. Ní oṣù karùn-ún 2019, wọ́n fagi lé ìyẹn, wọ́n ní kí gbogbo wa padà wá tò fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n tún fi 110 dọ́là lé owó àwọn tí wọ́n bá fún ní físà, wọ́n ní Nàìjíríà ń gba owó jù lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó tó oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú ọjọ́ là: láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta 2023, ọlọ́dún márùn-ún ni, mọ́típù. Ó kàn mí ní oṣù kẹsàn-án.

Ní oṣù kejì 2024, fóònù dún ní aago méjì òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọ mi ti ń rọbí, oyún náà kò sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fún ọmọṣẹ́ mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo di òrí, ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn sínú àpò. Ọjọ́bọ̀ ni mo wà ní Houston. Ọmọ náà wà nínú àpótí onígíláàsì, kò tó ìgò omi ńlá. Wọn ò jẹ́ kí n lo kàn-ìn-kàn-ìn, àmọ́ wọ́n jẹ́ kí n fi ìka kan kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

Òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí físà gígùn jẹ́ gan-an. Kì í ṣe pé yóò jẹ́ kí èèyàn máa lọ lemọ́lemọ́. Ìgbà mélòó ni mo fẹ́ lówó tíkẹ́ẹ̀tì? Ó ń jẹ́ kí èèyàn lè dìde lójijì ni. Ikú kì í rán lẹ́tà, ọmọ tó ń bọ̀ kí oṣù rẹ̀ tó pé náà kì í rán an. Ẹni tí físà rẹ̀ wà nínú àpótí sì lè sùn.

Ohun kejì tí mo rí nìyí, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ṣòfin gbọ́ ọ bí wọ́n bá ń gbọ́ Yorùbá: ọ̀sẹ̀ méje ni mo lò, mo padà sílé. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún mi lẹ́nu ibodè. Ọjà ọdún ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé bí ọmọ bá tún fẹ́ mi, màá padà wá. Ẹni tí ilẹ̀kùn ò bá tì mọ́ lẹ́yìn kì í jókòó pẹ́ nílé àlejò.

Ní ọjọ́ 8 oṣù keje 2025, wọ́n yí i padà: oṣù mẹ́ta, ẹlẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ìgbà tí a fi gbádùn ọlọ́dún márùn-ún, ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni. Wọ́n ní físà tí àwọn ti fúnni ṣáájú kò yẹ̀, òun ló jẹ́ kí tèmi ṣì wà nínú rọ́bà. Ìjọba wa fèsì láti Àbújá pé ọlọ́dún márùn-ún, mọ́típù, ni àwa ń fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Kò yí nǹkan kan padà.

Àbúrò mi obìnrin ló bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà ní Maryland, ìparí oṣù kọkànlá ni oyún rẹ̀ máa pé. Ó ti san 185 dọ́là rẹ̀ tipẹ́, àárín oṣù keje ni wọ́n pè é, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí òfin yí. Wọ́n fún un. Ó pè mí, ó ń kọrin. Mo ní kó ka ohun tó wà lára rẹ̀ fún mi. Àárín oṣù kẹwàá ni ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Orin dákẹ́. Oyún ń lo oṣù mẹ́sàn-án, físà ń lo mẹ́ta. Èèyàn á wá jókòó máa ṣírò ìgbà tó yẹ kí ọmọ rẹ̀ lóyún.

Ó ní kí ni òun fẹ́ ṣe pẹ̀lú físà tó máa kú kí ọmọ tó dé. Mo wá ṣàlàyé fún un ohun tó gbà mí lọ́dún púpọ̀ kí n tó mọ̀: ọjọ́ tó wà lára físà, ọjọ́ ìkẹyìn tó lè kan ilẹ̀kùn ni. Iye ọjọ́ tó máa lò nínú ilé, ẹnu ibodè ni wọ́n ti ń fúnni, I-94 ni wọ́n ń pè é, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá, ó lọ jókòó ti oyún. Wọ́n fún un di oṣù kẹrin. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí físà kú lára pásípọ́ọ̀tù, ó tó èèyàn márùn-ún nínú ẹbí tó pè é pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Ejẹ́ńtì kan tilẹ̀ ní kó san owó fún òun kí òun "tún un ṣe". Mo ní kó gé fóònù mọ́ ọn létí.

Ọmọ dé ní ìparí oṣù kọkànlá, iṣẹ́ abẹ ni. Ní àárín oṣù kejìlá, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Òun ló tọ́ àbúrò mi yìí. Òun ló sanwó ilé ìwé rẹ̀, òun ló fà á lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ níjọ́ ìgbéyàwó. Bí ó bá jáde kúrò ní Amẹ́ríkà wá sìnkú, ẹ̀ẹ̀kan rẹ̀ ti tán, bíi tiwa lórí afárá Rhine. Ó sì ti jáde lórí ìròyìn nígbà náà pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2026, wọn ò ní fún ọmọ Nàìjíríà ní físà àlejò mọ́ rárá, àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò tíì lè gbé garawa. Ó pè mí lóru, kò sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà kò sọ fún un pé kó wá tàbí kó má wá. Mi ò mọ irú ẹ̀gbọ́n tó lè sọ ọ́.

Kò wá.

Àwọn kan ti ń bi mí ní ọjà bóyá kí àwọn yáa sáré gba ti Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́dún mẹ́wàá. 1,059 pọ́ùn ni ní oṣù kẹrin 2025, nígbà tí ti oṣù mẹ́fà kò ju 127 lọ. Èmi ò ní san án. Bí ẹ bá béèrè mẹ́wàá tí wọ́n fún yín ní méjì, wọn kì í dá ìyókù owó padà. Ọlọ́dún mẹ́wàá náà kò sì ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan ìwọlé. Mo mọ ẹni tó rò pé òun ti ra ọdún mẹ́wàá ìgbé ayé ní London. Ọmọ rẹ̀ ló já a kúrò lójú àlá. Ti ọlọ́dún méjì tó ẹni tó bá ní ìdí láti máa lọ. Ẹni tí kò bá ní ìdí, kó fi owó náà rajà.

Oṣù kìn-ín-ní la sin ẹ̀gbọ́n wa. Èmi ni mo mú aṣọ ẹbí wá, léèsì Lustenau, àwọ̀ ewé, èyí tó jẹ́ ewé lóòótọ́. Àbúrò mi wo ìsìnkú lórí WhatsApp. Àárọ̀ kùtù ni lọ́dọ̀ wọn, ó gbé ọmọ sí àyà, ó wé gèlè. Mo ti gé yáàdì márùn-ún tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí n tó tà fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ gbé e fún télọ̀ kó lè bá a nílẹ̀ nígbà tó bá dé ní oṣù kẹrin, ó ní kí n má tíì ṣe bẹ́ẹ̀, pé oúnjẹ Maryland ti sọ òṣùwọ̀n tí télọ̀ ní lọ́wọ́ di irọ́. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá lórí àpótí mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pásípọ́ọ̀tù méjèèjì.